Èrè Ṣíà Fún Ọdún Pípẹ́: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ó Tó Ewu Tí A Gbé?

Ní Iléṣà, bí owó ìfẹ̀yìntì bá ti bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ni pé, "Ṣíà wo ló ń mówó wọlé jù?" Ṣíà ni ìpín tí ènìyàn rà nínú ilé iṣẹ́. Ẹnìkan á ní ṣíà báńkì báyìí ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, ẹlòmíràn á ní ti sìmẹ́ńtì ló dáa jù. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ ìdajì ni. Ìdajì tó kù ni pé: kí lojú owó náà rí kó tó di ìlọ́po méjì? Èló ni ì bá sì jẹ́ lónìí ká ní a kò gbé e síbi eléwu rárá? Ìdajì kejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ ra ṣíà kó sì dì í mú fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò inú rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá lè ṣe akọ̀wé owó fún ẹgbẹ́ lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà. Àwọn òṣómàáló tó ń gbé aṣọ kúrò nílé lọ tà láwìn ní ìlú onílùú mọ̀ pé èrè orí ìwé yàtọ̀ sí èrè tó dọ́wọ́. Oníbàárà kan lè gbà láti san èrè gọbọi lórí aṣọ, kó wá jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń san. Èkejì á gbà láti san èrè tí kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ọjọ́ bá ti pé, owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Òṣómàáló tó gbọ́n kì í wo iye èrè nìkan kó tó mọ ẹni tó máa gbé aṣọ fún lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń wọ̀n lọ́kàn yẹn náà làwọn onímọ̀ ìṣúnná owó wá fi nọ́ńbà gbé kalẹ̀: wọ́n fi ewu pín èrè.

Ká tó dé orí ewu, ẹ jẹ́ ká ka èrè bó ṣe yẹ, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Èrè ṣíà kì í ṣe iye tó ń tà lónìí yọ iye tí a rà á lọ́jọ́sí nìkan. Dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín lọ́dọọdún, wà nínú rẹ̀. Ṣíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi kún ti ẹni, tí a ń pè ní bónọ́ọ̀sì, wà nínú rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fún yín ní ṣíà ọ̀fẹ́ kan lórí mẹ́rin, iye tí ẹyọ kan ń tà máa rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ́jọ́ náà, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù lápò yín. Ẹni tó bá ń wo iye ẹyọ nìkan á rò pé òun pàdánù.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni International Breweries, ilé iṣẹ́ ọtí tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Iléṣà níbí, tó ń pọn Trophy. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ẹyọ ṣíà rẹ̀ kan ń tà ju ₦50 lọ. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 2019, ilé iṣẹ́ náà ní kí àwọn tó ti ní ṣíà òun wá ra tuntun ní ₦9, mẹ́tàdínlógún lórí mẹ́jọ tí ènìyàn bá ní. Ní 2024, ó tún ní kí wọ́n wá ra òmíràn ní ₦3.65, mẹ́fà lórí ẹyọ kan. Ẹni tó bá mú ₦50, tó mú ₦3.65, tó ní òun ti rí bí ṣíà náà ṣe ṣe sí, kò tíì rí i. Bí ṣíà tuntun bá ti pọ̀ wọ ọjà ní owó pọ́ọ́kú, iye ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ bá a wálẹ̀; owó tí ẹni náà sì tún yọ lápò láti fi ra tuntun, owó ìdókòwò míì ni, ó ní ọjọ́ tirẹ̀ tó wọlé. Àdánù ńlá ni ìtàn náà jẹ́ fún ẹni tó rà á ní 2018, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ láti mọ bó ṣe tó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo owó tó jáde lápò yín àti gbogbo èyí tó wọlé, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Àwọn tó ń ta àkọsílẹ̀ iye ṣíà máa ń ṣe àtúnṣe yìí sílẹ̀, wọ́n á sì sọ pé iye náà jẹ́ èyí tí a ti tún ṣe. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá mú nǹkan tó tóbi ju ṣíà kan lọ, ká fi ṣe ìṣirò lójú ara wa. Ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, Nigerian Exchange tí ń bẹ ní Èkó, ní atọ́ka kan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí iye gbogbo ṣíà ibẹ̀ lápapọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, All-Share Index. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1984 láti orí 100. Ohun tó ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá, 2014 sí 2023, nìyí: ní 2014 ó já wálẹ̀ ní 16.14%, ní 2015 ó já 17.36%, ní 2016 ó já 6.17%. Ní 2017 ó gòkè 42.30%. Ní 2018 ó tún já 17.81%, ní 2019 ó já 14.60%. Ní 2020, ọdún Kòrónà tí gbogbo ayé há mọ́lé, ó fò sókè ní 50.03%. Ní 2021 ó fi 6.07% kún un, ní 2022 ó fi 19.98%, ní 2023 ó fi 45.90%.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a yọ ti àdánù kúrò, tí a sì fi mẹ́wàá pín in, àròpín rẹ̀ jẹ́ 9.2% lọ́dún. Ó dùn-ún gbọ́. Ẹni tó bá fi ₦100,000 sílẹ̀, tí ó ń jèrè 9.2% lọ́dọọdún láìyẹ̀, máa ní ohun tó lé ní ₦240,000 lópin ọdún kẹwàá. Àmọ́ ẹ wo atọ́ka náà fúnra rẹ̀: 41,329 ló wà nígbà tí ọdún 2013 parí, 74,774 ló wà nígbà tí 2023 parí. ₦100,000 yẹn di bíi ₦181,000. Ibo ni nǹkan bíi ₦60,000 wọlé sí?

Kò sẹ́ni tó jí i. Ìfò àti ìjá ló jẹ ẹ́. Bí ₦100 bá pàdánù ìdajì, ó di ₦50. Láti padà di ₦100, ìdajì kò tó o mọ́, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Àròpín ní ìjá 50% àti ìgòkè 50% ti pa ara wọn rẹ́, bẹ́ẹ̀ ₦75 ló kù lápò. Bí owó bá ṣe ń fì tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín àròpín àti ohun tó dọ́wọ́ á ṣe fẹ̀ tó. Iye tó yẹ kí ẹni tó ń dì ṣíà mú fún ọdún pípẹ́ gbójú lé ni èyí tí a bá fi sórí owó lọ́dọọdún láìyẹ̀, táá gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ọdún mẹ́wàá yẹn, 6.1% ni, kì í ṣe 9.2%. Bí ẹnikẹ́ni bá wá polówó àròpín fún yín, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà kejì yìí. Atọ́ka náà kò ka dífídẹ́ǹdì mọ́ ọn o, nítorí náà ẹni tó ń gba dífídẹ́ǹdì ní díẹ̀ sí i lórí 6.1 yẹn.

Ó kan ewu wàyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n jù lọ ni standard deviation, èyí tí n ó máa pè ní ìfì níbí. Ohun tó ń bi wá ni pé: ọdún kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àròpín tó báwo? Ẹ mú èrè ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ àròpín kúrò nínú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po ara rẹ̀ (bí 3 lọ́nà 3 ṣe jẹ́ 9), kí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ má bàa pa ara wọn rẹ́. Ẹ ro ìlọ́po wọ̀nyẹn pọ̀, kí ẹ fi iye ọdún tí a dín ọ̀kan pín in. Lẹ́yìn náà ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ohun tí ẹ rí yẹn ló máa jẹ́. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní Excel máa ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ó dára kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Fún ọdún mẹ́wàá wa, ìfì náà jẹ́ 28%.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fi 28 kún 9.2, tí a sì tún yọ 28 kúrò nínú 9.2, ọ̀pọ̀ ọdún yẹ kó bọ́ sáàárín méjèèjì, láti nǹkan bí àdánù 19% dé èrè 37%. Méje nínú ọdún mẹ́wàá ló bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fi àwọn mẹ́ta tó yọ síta sọ́kàn, 2017, 2020 àti 2023, a óò padà sórí wọn.

Ọ̀gbẹ́ni William Sharpe, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1966. Òun, Harry Markowitz àti Merton Miller ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀ ajé ní 1990. Ìṣirò Sharpe kò lọ́jú pọ̀: mú àròpín èrè ṣíà, yọ ohun tí o lè rí láìgbé ewu kúrò nínú rẹ̀, kí o sì fi ìfì pín èyí tó kù. Ohun tí a lè rí láìgbé ewu ní Nàìjíríà ni Treasury Bill, owó tí a ń yá ìjọba àpapọ̀, tí Báńkì Àgbà ń bá ìjọba tà.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣíà méjì àròsọ dán an wò. Ti àkọ́kọ́ ń mú àròpín 25% wá lọ́dún, ìfì rẹ̀ sì jẹ́ 40%. Èkejì ń mú 19% wá, ìfì rẹ̀ jẹ́ 15%. Treasury Bill ń san 12%. Ti àkọ́kọ́: 25 yọ 12 jẹ́ 13, ká fi 40 pín in, ó jẹ́ 0.33. Èkejì: 19 yọ 12 jẹ́ 7, ká fi 15 pín in, ó jẹ́ 0.47. Lórí gbogbo ewu kan tí ẹ gbé, èkejì ló sanwó fún yín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn á máa pariwo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọjà tiwa. Bí a bá ní Treasury Bill san àròpín 10% láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, 9.2 kò tó 10. Nọ́ńbà Sharpe á bọ́ sábẹ́ òdo. Bí a bá tún ní dífídẹ́ǹdì fi 4% kún èrè lọ́dún, á jẹ́ 3.2, ká fi 28 pín in, 0.11. 10 àti 4 yẹn, mo mú wọn kí ìṣirò lè yé wa ni. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ yọ ti ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ti ọdún kọ̀ọ̀kan, torí iye tí Treasury Bill ń san lórílẹ̀-èdè yìí kì í dúró sójú kan. Ní 2017, ti ọdún kan san ju 15% lọ; ní ìparí 2020 kò tó 2%; ní 2024 ó ti lé ní 20%. Ẹni tó ra ṣíà ní 2017 kọ èrè ńlá tí kò léwu sílẹ̀ kó tó rà á. Ẹni tó rà á ní ìparí 2020 fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣíà kan náà, ìfì kan náà, àmọ́ ohun tí a fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀ yàtọ̀.

Nọ́ńbà mélòó ló wá dára? Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Andrea Frazzini, David Kabiller àti Lasse Pedersen, yẹ Berkshire Hathaway wò, ilé iṣẹ́ Warren Buffett, láti 1976 wá. Nọ́ńbà Sharpe rẹ̀ lé ní 0.7, kò sì tó 1. Nínú àwọn ṣíà Amẹ́ríkà tó ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ lọ́jà, wọn kò rí èyí tó jù ú. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jókòó sọ́kàn yín dáadáa. Bí olùdókòwò tí gbogbo ayé mọ̀ kò bá kan 1 láàárín ọdún tó tó báyẹn, kí la fẹ́ sọ sí ẹni tó ń gbé ìwé wá fún yín pé 2 tàbí 3 ni tòun?

Ibí yìí ni ìṣirò Sharpe ti fọ́jú, ó sì ká mi lára gidigidi nítorí ohun tójú àwọn ènìyàn wa ti rí. Ìfì ló ń wọ̀n, ìfì tó hàn sójú sì ni. Èrè tí kì í fì rárá á máa fún un ní nọ́ńbà tó ga bí òkè. Bernard Madoff ní New York ń fi èrè tó dúró gbọn-in ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n mú un ní oṣù kejìlá 2008, kò sí ìdókòwò kankan lẹ́yìn ìwé tó ń kọ. MMM dé Nàìjíríà, ó ṣèlérí 30% lóṣù kan, ó sì ń san án bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejìlá 2016, tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn lójú. Ká ní ẹnìkan ṣe ìṣirò Sharpe fún MMM ní oṣù kọkànlá, ì bá ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èrè ńlá tí kò ní ìfì, ẹ má yọ̀ sí i. Ewu rẹ̀ wà níbì kan tí ìṣirò kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ iye ọdún ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ṣíà tó ṣe dáadáa fún ọdún mẹ́ta lè jẹ́ oríire lásán. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá a ti rí tó láti gbàgbọ́: ẹ mú nọ́ńbà Sharpe ti ọdún kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú gbòǹgbò iye ọdún, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, iye ọdún náà ló máa jẹ́. Bó bá tó 2, a lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé kì í ṣe oríire nìkan. Ṣíà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 máa nílò ọdún mẹ́rin. Èyí tó jẹ́ 0.5 nílò ọdún mẹ́rìndínlógún. Èyí tó jẹ́ 0.4, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. 0.11 tí a rí lẹ́ẹ̀kan yẹn nílò ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ẹni tó bá wá fi àkọsílẹ̀ ọdún méjì polówó ṣíà fún yín, kò tíì mú ẹ̀rí wá rárá.

Àwọn kan máa ń fi oṣù ṣe ìṣirò kí nọ́ńbà lè pọ̀ níwájú wọn. Kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ sọ Sharpe olóṣooṣù di ti ọdún, ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá. Gbòǹgbò méjìlá, bíi 3.46, ni kí ẹ lò: 0.1 lóṣù jẹ́ nǹkan bíi 0.35 lọ́dún. Kíkó oṣù jọ kò sì sọ ọdún márùn-ún di ogún. Àsìkò kan náà ni gbogbo wọn rí, ìjọba kan náà, iye náírà kan náà.

Ẹ rántí ọdún mẹ́ta tó yọ síta. Òkè ni gbogbo wọn ti yọ. 2017, 2020 àti 2023 ni ìfì kà sí ewu tó pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé èrè ni wọ́n. Ta ló ń sunkún nítorí pé ṣíà rẹ̀ fò sókè ní 50%? Èyí ló mú kí Frank Sortino gbé ìṣirò míì kalẹ̀, tí a fi orúkọ rẹ̀ pè: kìkì ọdún tó bọ́ sábẹ́ iye tí a fojú sùn ni a óò kà sí ewu. Bí a bá fi òdo ṣe ojúsùn, tó jẹ́ pé kìkì ọdún àdánù la kà, ìfì ìsàlẹ̀ ọjà wa láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn á wá jẹ́ bíi 10.6% dípò 28%. Ìyàtọ̀ náà pọ̀. Kí ẹ kàn máa béèrè ojúsùn tí wọ́n lò, torí ẹni tó bá gbé e wálẹ̀ lè mú kí ṣíà èyíkéyìí dára lójú.

Àmọ́ ewu kan wà tí Sharpe àti Sortino kò fi bẹ́ẹ̀ sọ jáde, èmi a sì fi í ṣáájú fún ẹnikẹ́ni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún: láti orí òkè tó ga jù dé ìsàlẹ̀ tó jìn jù, owó náà já tó báwo, ó sì pẹ́ tó báwo kó tó padà? Ní oṣù kẹta 2008, All-Share Index kan 66,371. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti wà ní nǹkan bí 20,000. Nínú gbogbo ₦100, ₦30 ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ kó tó padà sípò. 2023 ló tó kan ibẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún ní 2008, tó kó owó iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ti pé márùndínlọ́gọ́rin kí atọ́ka náà tó padà. Náírà tó sì padà bá kì í ṣe náírà tó fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe àkọsílẹ̀ ṣíà kan, ẹ kọ ìjá tó jìn jù yìí àti iye ọdún tó fi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà Sharpe. Àwọn kan tún máa ń fi ìjá náà pín èrè ọdọọdún. Ó wúlò, àmọ́ rírí méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yé ènìyàn ju pípín wọn lọ.

Ohun kan tún wà tó ń mú kí ìṣirò ọdún pípẹ́ dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣíà tó wà lọ́jà lónìí nìkan la sábà ń wọ̀n. Ní oṣù kẹjọ 2011, Báńkì Àgbà gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì gbé ohun ìní wọn fún báńkì tuntun mẹ́ta. Owó àwọn tó fi sí báńkì kò sọnù, àmọ́ ṣíà àwọn tó ra ìpín di bébà. Ìwé ẹ̀rí ṣíà wọn ṣì ń bẹ nínú àpótí àwọn àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀ṣàlẹ́ńdì yìí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ bí ṣíà báńkì ṣe ṣe láti 2006, tó wá ka kìkì àwọn tó ṣì wà, ti yọ òkú kúrò nínú ìṣirò. Àdánù 100% ni ti àwọn yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ti ọ̀wọ́n gógó kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2024, atọ́ka ọjà gòkè ní 37.65%. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, ní ọjà wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ ní 34.80%. Ẹ má yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì; ẹ fi 1.348 pín 1.3765. Bíi 2% ni ohun tí owó náà lè rà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà fi pọ̀ sí i. Ẹni tó ní ọmọ tó ń san owó ilé ìwé fún lókè òkun gbọ́dọ̀ tún fi dọ́là wò ó. Ní 2023 tí ṣíà fò ní 45.90%, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦460 lọ́jà tí ìjọba fọwọ́ sí, ó sì kan nǹkan bíi ₦900. Lójú dọ́là, àdánù ni ọdún yẹn.

Ohun kan kù tí mo ní láti sọ fún ẹni tó fẹ́ fi Sharpe wọ̀n ṣíà kan ṣoṣo. Gbogbo owó tí ènìyàn ní ni Sharpe dára jù fún, bóyá ṣíà mẹ́jọ, Treasury Bill àti owó alájẹṣẹ́kù pọ̀. Ṣíà kan tó ń fì gan-an lè má ṣe ẹni lọ́ṣẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí àwọn yòókù ń jábọ́ lòun ń gòkè. Èyí ni Jack Treynor rí ní 1965 tó fi ní kí a má fi gbogbo ìfì pín èrè, kí a fi ìwọ̀n bí ṣíà náà ṣe ń tẹ̀ lé ọjà lápapọ̀, tí wọ́n ń pè ní beta, pín in. Bí ọjà bá gòkè 10%, tí ṣíà yín sábà ń gòkè 15%, beta rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ẹni tó ní oríṣiríṣi ṣíà lè lo Treynor. Ẹni tó jẹ́ pé ṣíà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo owó rẹ̀ sí, kó dúró sórí Sharpe, torí gbogbo ìfì náà, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìwé kan tó ní ìlà òòró márùn-ún tó. Ìlà kìíní, ọdún. Èkejì, iye tí ẹyọ kan ń tà nígbà tí ọdún parí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe fún bónọ́ọ̀sì àti ṣíà tuntun. Ẹ̀kẹta, dífídẹ́ǹdì ẹyọ kan lọ́dún náà. Ẹ̀kẹrin, èrè ọdún náà lórí ọgọ́rùn-ún: iye tuntun pẹ̀lú dífídẹ́ǹdì, yọ iye àtijọ́, kí ẹ fi iye àtijọ́ pín in. Ìkarùn-ún, ohun tí Treasury Bill ọdún kan ń san nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni o, torí òun lẹ ì bá rà. Ẹ yọ ìkarùn-ún kúrò nínú ẹ̀kẹrin fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nínú Excel, AVERAGE á fún yín ní àròpín ohun tó kù, STDEV á fún yín ní ìfì rẹ̀, ẹ sì fi ìfì pín àròpín. Bí àkọsílẹ̀ kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ kọ iye ọdún tó pé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà gan-an, lórí ìlà kan náà, kí ẹni tó bá kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ lè rí méjèèjì pọ̀.